Odidi Ṣúgà Méjì Lórí Tábìlì

Ẹsẹ̀ méjì ni Tuda kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ápù ní Midelt, ní ilẹ̀ Mòrókò, ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì wà lásán, wọn ò sì mira rárá.

"Yéè! Ọkọ̀ ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Lalla Yamna, ìyá bàbá Tuda, ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì fi na àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà lásán náà, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀mí wà níbẹ̀ o. Onítọ̀hún ta gìrì, ó forí gbá irin, ó sì wọ́ ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú gírísì ní gbogbo iwájú orí. Ojú Tuda ló kọ́kọ́ rí.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ nà mí?" ó bi Tuda, ó ń nu gírísì.

"Èmi kọ́ o. Ẹ bi ọ̀pá."

"Mò ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ mi ni, oorun ló gbé mi lọ."

"Iṣẹ́ ni àbí oorun?" Lalla Yamna dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ ni Lahsen tó ní ọkọ̀ tí èèyàn lè dáná, kó sì sùn nínú rẹ̀? Dakhla ni èmi àti ọmọ ọmọ mi ń lọ."

"Dakhla! Lalla, ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ pátápátá nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀."

"Bọ́ọ̀sì á ṣẹ́ mi níbàdí. Ọkọ̀ tìrẹ ni mo fẹ́. Mi ò sì fẹ́ eré, jẹ́jẹ́ la ó máa lọ."

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí Tuda ò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò Haddu, bàbá rẹ̀, ni mí ní Dakhla. Èmi ni mò ń bá a ṣe búrẹ́dì látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, ọkùnrin kan gbé odidi ṣúgà wá sílé Haddu; òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Bujmaa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọkọ̀ ojú omi apẹja méjì. Ṣúgà gíga náà ni, tó ṣe ṣóńṣó lókè, tí wọ́n fi bébà búlúù wé. Ó wá tọrọ Tuda fún Bujmaa.

Nínú ìdílé Haddu, orí tábìlì ni irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú bébà rẹ̀ títí ìdáhùn yóò fi jáde. Bí wọ́n bá dá a padà lódidi, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin náà bá fi òòlù fọ́ ọ sínú tíì, tí bàbá rẹ̀ sì mu tíì náà, ó di ìyàwó ẹni tó ni ṣúgà. Haddu ò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní ìyá òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà ní Midelt, àfi kí ìyá òun dé ná.

Lalla Yamna gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Kò sọ fún Tuda, ó kàn ní àwọn ń lọ kí bàbá rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì wá ọkọ̀ tó falẹ̀ jù nílùú kàn. Nígbà tó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lórí ìjókòó.

"Ọmọ tí kò kúrò ní Midelt rí," ló wí, "ṣé inú yàrá kan náà ni kó ti bọ́ sí inú yàrá mìíràn? Mo ní kó kọ́kọ́ rí ayé díẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Àwọn obìnrin méjèèjì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀, Lahsen ń sùn nínú àgọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, Lalla Yamna sì fi okùn so ilẹ̀kùn mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kírun Àsárì, á ní kí wọ́n dúró kí wọ́n se tíì. Òfin kan ló ṣe fún wọn.

"Níbo ló dùn mọ́ yín jù lónìí? Ẹ má sọ ti àná, ẹ má sì parọ́."

Lọ́jọ́ kìíní, Lahsen ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ìgbà tí ẹ nà mí lẹ́sẹ̀, Lalla."

"Áà! Ọ̀pá dùn mọ́ ọ?"

"Ọ̀pá kọ́. Ohun tí mo rí nígbà tí mo jáde ni."

Tuda bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí kiri inú ọkọ̀. Ṣíbí náà sì nìyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń gun òkè lọ sí Tinghir, Lahsen dúró, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì yọ búrẹ́dì mẹ́ta jáde lórí ẹ́ńjìnnì. Ó ti fi wàràkàṣì àti ólífì sínú wọn láàárọ̀, ó wé wọn sínú bébà.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé epo ọkọ̀ lẹ fẹ́ fún wa jẹ ni?" Tuda kígbe.

"Ẹ tọ́ ọ wò. Tí kò bá dùn, ẹ fún mi ní tiyín."

Tuda tọ́ ọ wò. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó sì jẹ ààbọ̀ ti Lahsen mọ́ ọn. Nígbà tó di àsìkò tíì, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó ní búrẹ́dì ẹ́ńjìnnì ló dùn mọ́ òun jù.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìjì aṣálẹ̀ fa kọ́tìnnì ojú fèrèsé ya. Aránṣọ ni Tuda, ó mú abẹ́rẹ́, Lahsen sì bá a di aṣọ náà mú. Ó ń rán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí bàbá Lahsen tó jẹ́ olóko ápù, lórí ìyá Tuda tí kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rán an tán, tó ní kí Lahsen tú ọwọ́ rẹ̀, Lahsen ò lè lọ síbì kankan. Ó ti rán apá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì!

"Háà! O rí i, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Mo rí i tipẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, wàá sún kúrò níbí."

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn méjèèjì ló yà lẹ́nu pé wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí "ẹ" ti lọ. Lalla Yamna di ojú, ó ń hanrun irọ́.

Lẹ́yìn Tan-Tan ni òkun yọ sí wọn lójijì, lọ́jọ́ keje. Lalla Yamna ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò rí òkun rí. Ó di àga mú.

"Ta ló da omi tó pọ̀ tó báyìí sílẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Iyanrìn ò jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ ríbi dúró, ni Lahsen bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gbé e lọ títí ìgbì fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá náà. Lọ́jọ́ náà, òkun ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dárúkọ nígbà tí wọ́n ń mu tíì, Lalla Yamna ò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

Ó wá di ọjọ́ kẹwàá, ní Boujdour. Ọ̀la ni wọn yóò dé Dakhla.

"Lahsen, ó ku ìwọ," Lalla Yamna wí nídìí tíì.

"Mi ò ní ti òní, Lalla. Ẹ dákun."

Ìyá náà wò ó, ó sì lọ ṣe àlùwàlá. Tuda ò lè dúró.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n fà yín lé mi lọ́wọ́ ni, Tuda. Ẹni tí wọ́n bá fi ọmọ sí ìkáwọ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọmọ náà lójú ọ̀nà. Tí mo bá lanu lónìí, ohun tí kò yẹ kí n sọ ni n ó sọ."

"Ìgbà wo lo wá fẹ́ sọ ọ́? Tó o bá ti padà sí Midelt?"

Lahsen tẹ orí ba. Inú bí Tuda débi pé ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnnì nìkan lo mọ̀ ọ́n tún ṣe," ló wí. Ó kó ife tíì. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin awakọ̀."

"Ẹ" ti padà dé. Ó dun Lahsen ju ọ̀pá lọ.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n wọlé. Mo wà níbẹ̀, mo gbé àwo búrẹ́dì lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bujmaa wà níbẹ̀ náà, ó wá gbọ́ ìdáhùn. Haddu rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn wọn ni Lahsen wọlé. Ó ti yà ra odidi ṣúgà nínú ṣọ́ọ̀bù, torí èèyàn gidi kì í wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfìfo, ṣúgà kan náà yìí la sì ń gbé lọ kí abiyamọ, tí à ń gbé lọ kí ọlọ́fọ̀, tí à ń gbé lọ kí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Ó rí ṣúgà kan lórí tábìlì. Ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ó bá gbé tirẹ̀ tì í.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Bujmaa dìde. "Haddu, kí lèyí?"

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," Haddu wí, "ṣé o mọ ohun tí ṣúgà tó o bá níbẹ̀ wà fún?"

Tuda lọ̀rọ̀ náà yé ṣáájú Lahsen. "Bàbá? Ta ló gbé ṣúgà wá? Ta ló tọrọ mi?" Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Ẹ mọ̀! Ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi!"

"Mo mọ̀," ni Lalla Yamna wí.

Lahsen wo ṣúgà ti àkọ́kọ́, ó wo tirẹ̀.

"Àṣìṣe ni," Haddu fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Gbé tìrẹ kúrò, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ."

Lahsen na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé orí bébà búlúù. Tuda ń wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, àṣìṣe ni mo fi gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e kúrò mọ́."

"Yéè!" Èmi ni mo pariwo.

Haddu gbaná jẹ. "Ìwọ tí wọ́n fi ìyá mi àti ọmọ mi lé lọ́wọ́! Kí lo ń sọ sí i létí láti Midelt? Ìwọ tí o ò nílé, tó o ń gbé inú ọkọ̀!"

"Èmi náà gbé inú rẹ̀," Tuda wí. "Ebi ò pa mí níbẹ̀."

"Kò sì sọ nǹkan kan sí i létí," Lalla Yamna fi kún un. "Ìyẹn gan-an ló ń bí ọmọ nínú. Jókòó, Haddu. Àsìkò tíì ti tó. Lójú ọ̀nà, tí a bá ń mu tíì, a máa ń sọ ibi tó dùn mọ́ wa jù."

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò gbàgbé ẹyọ kan: búrẹ́dì ẹ́ńjìnnì, apá ẹ̀wù tí wọ́n rán mọ́ kọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí kò bá jẹ́ Tuda ló wà nínú ti Lahsen, Lahsen ló wà nínú ti Tuda. Ó wá dórí tirẹ̀.

"Ọdún méjìlélógún lo fi ń sọ fún mi pé, 'Ìyá mi, n ó wá gbé yín wá wo òkun.' Mi ò bá ọ jà, iṣẹ́ ò jẹ́. Ọmọ yìí ló pọ̀n mí dé ibi tí omi ti kàn mí lẹ́sẹ̀. Kò sì sọ pé mo wúwo."

Haddu bojú.

Ìyá náà gbé òòlù ṣúgà fún Tuda. "Ìwọ ni wọ́n ń tọrọ. Èwo?"

Tuda gbà á. Ó dojú kọ Lahsen. "Ṣé àsìkò tó o máa sọ ọ́ ti tó báyìí?"

"Mo jẹ ọ́ ní ti àná," Lahsen wí. "Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìgbà tí o bínú sí mi, torí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kàn ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Tuda. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́, awakọ̀ mi."

Ó ya bébà búlúù náà, ó sì fi òòlù fọ́ ṣúgà Lahsen sínú tíì, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Bujmaa gbé tirẹ̀ mọ́ra jẹ́jẹ́. "Ṣúgà kì í bàjẹ́," ló wí. "Ọmọ ẹlòmíràn á fọ́ ọ. Ẹ bu tíì fún èmi náà kí n tó máa lọ." Èèyàn iyì ni.

Wọ́n bù ú. Ife Haddu wà níwájú rẹ̀, èéfín ń rú lórí rẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó. Tí kò bá mu ún, òfo ni ohun tí Tuda fọ́. Lahsen ò gbé tirẹ̀. Tuda ṣì di òòlù mú.

"Ìyá mi," Haddu béèrè, kò gbójú sókè, "ṣé omi òkun yẹn tutù?"

"Ó tutù gan-an. Ó sì níyọ̀."

Haddu rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ife náà, ó mu ún tán, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀ pé kó tún bù sí i.

Àwo kejì tí mo gbé wá tún bọ́ lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.