Bátìrì Táyé, Bátìrì Kẹ́hìndé

"Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì," ni Ọ̀gbẹ́ni Babáwálé wí.

Ó fi bátìrì kan lé Táyé lọ́wọ́, ó sì fi ìkejì lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Ní Igbó-Ọrà, ta ló tó fún ìbejì kan ní nǹkan kó fi ìkejì sílẹ̀? Olùkọ́ náà ní òun kò fẹ́ kí Ìyá Ìbejì wá ká òun mọ́lé.

Orí tábìlì ni ọkọ̀ onírìmóòtù náà wà, ọkọ̀ ìṣeré tó tóbi tó ewúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti kú. Àwọn ọmọbìnrin méjì yìí, tí wọ́n wà ní SS2, tú u dànù, wọ́n fi mọ́tò iná rọ́pò rẹ̀. Irú ti ìgbàlódé ni, èyí tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì tí ń ha á nínú, tí kì í sì í pariwo. Kẹ́hìndé ló gé irin tí mọ́tò jókòó lé, Táyé ló fi òjé jó àwọn wáyà rẹ̀ pọ̀.

"Bátìrì méjèèjì la máa so pọ̀ kó tó lágbára," ni olùkọ́ wí. "Àmọ́ ẹ rí i pé méjèèjì kún bákan náà. Èyí tí kò bá kún, iṣẹ́ á pa á."

Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje ọkọ̀ onírìmóòtù láàárín àwọn ilé-ìwé ní Èrúwà. Àwọn tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọlidé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí Táyé sùn dáadáa, nítorí kò sí ohun tó wù ú tó iṣẹ́ náà láyé.

Lọ́jọ́bọ̀, Ṣàkírát, ọmọ kíláàsì wọn, ń ṣe ọjọ́ ìbí, kò sì síná.

"Kẹ́hìndé, ṣebí bátìrì wà lọ́wọ́ ẹ? Jẹ́ ká fi gbé sípíkà," ló wí. "Àbí Táyé lò ń bẹ̀rù ni?"

Kẹ́hìndé mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n Táyé ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn, ó sì wu òun náà kí wọ́n pe orúkọ òun. Ó gbé bátìrì lọ. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó ní òun á fi sí ṣájà bó bá délé, àmọ́ iná kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lórí pápá, Táyé bi í pé, "Tìrẹ kún?"

"Ó kún."

Táyé tẹ rìmóòtù, ọkọ̀ gbéra, ó sáré lọ títí dé ìdí igi òṣè, ó bá dúró lójijì. Bátìrì Kẹ́hìndé ti wú bí àkàrà inú epo. Olùkọ́ sáré yọ ọ́, ó bò ó mọ́ inú yanrìn.

"Táyé, wáyà tí o jó yẹn ni," ló wí tìbínú-tìbínú. "Díẹ̀ ló kù kí iná ṣẹ́ yọ. Ẹlòmíràn ló máa wa ọkọ̀ yìí lọ́la."

Táyé gbé rìmóòtù kalẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú èkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé rí i pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Sà, kì í ṣe Táyé. Bátìrì mi ò kún. Mo fi gbé sípíkà níbi ọjọ́ ìbí Ṣàkírát, mo sì purọ́."

Olùkọ́ fà á dìde. "Irọ́ ò dára," ló wí, "àmọ́ o ṣé tí o kò jẹ́ kó pẹ́. Táyé, má bínú, mo ṣèèṣì dá ọ lẹ́bi. Ìwọ náà ló máa wa ọkọ̀ lọ́la."

Bátìrì mìíràn kò sí. Bátìrì Táyé nìkan ni wọ́n gbé lọ sí Èrúwà. Ọkọ̀ náà ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́, àwọn yòókù sì ń kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí pápá ká láìdúró. Ẹnjiníà Adérónkẹ́, tó ń ṣe adájọ́, tú u wò. Ó béèrè ẹni tó jó wáyà rẹ̀, wọ́n sì fi Táyé hàn án.

"Ààyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀kọ́ ọlidé," ló wí. "Ṣé wàá gbà á?"

Táyé mi orí. "Ìbejì ni wá, mà. A kì í dá gba nǹkan."

Kẹ́hìndé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé ká ní bátìrì òun kún ni, bóyá àwọn méjèèjì ni ì bá wọlé.

"Táyé, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló rán ẹ ṣíwájú pé kó o lọ tọ́ ayé wò?"

Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. "Ìwọ náà ni."

"Mo tún rán ẹ. Lọ tọ́ ọ wò, kó o wá sọ fún mi."

Ní gbogbo ọlidé, Táyé ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èrúwà. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, gbogbo ohun tó kọ́ ló máa ń kọ́ Kẹ́hìndé lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé wọn.

"O ṣé tí o kò bá mi bínú," ni Kẹ́hìndé sọ lọ́jọ́ kan.

"Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́," ni Táyé dáhùn. "Ká ní o dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ Kẹ́hìndé kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, síbẹ̀ ó gba ààyè tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ tó sọ ló dá ti Táyé sí, òun náà ló sì mú kí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ènìyàn méjì.