Oúnjẹ Tí Barthélemy Fi Du Aya Rẹ̀

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí Awawou sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì, alùpùpù akérò, níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Savè ní ilẹ̀ Benin. Iṣu tuntun ló gbé wá láti Kaboua. Ìyá wọn ló fi rán an sí Agnès ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ń dà láàmú. Barthélemy, ọkọ Agnès, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Awawou, o kú ọ̀nà. Gbé iṣu náà padà."

Awawou rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ dá a jẹ, ẹ sọ. Mi ò ní bá yín jà sí i."

"N kò ṣeré. Iṣu a máa di ṣúgà nínú ara, ṣúgà sì ni jẹjẹrẹ ń jẹ. Àwọn onímọ̀ ti rí i lára eku ilé ìwádìí. Mo gbọ́ ọ lédè Faransé lórí fóònù. Ẹni tó bá fún Agnès níṣu, kókó inú ọmú rẹ̀ ló ń bọ́."

"Ìyá ló ní kí n gbé e wá. Ṣé wọ́n ń dá iṣu tuntun padà ni?"

"Ìyá kò gbọ́ Faransé. Èmi gbọ́ ọ."

Awawou bẹ̀rẹ̀. Ó gbé iṣu náà, ó padà lọ. Ẹni tí a bá dá iṣu tuntun rẹ̀ padà, a ti lé òun fúnra rẹ̀ kúrò nílé nìyẹn.

Olùkọ́ kọlẹ́ẹ̀jì ni Barthélemy. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ eku yìí ni iṣu, gàrí, àgbàdo àti èso ti di èèwọ̀ fún Agnès. Ewébẹ̀ ló kù. Nígbà tí obìnrin aládùúgbò kan bu ẹ̀kọ fún un, Barthélemy gba àwo náà lọ́wọ́ Agnès lójú obìnrin náà. Bí Agnès bá ní ebi ń pa òun, èsì ọkọ rẹ̀ kì í yẹ̀: "Kókó yẹn ni ebi ń pa, kì í ṣe ìwọ." Ìfẹ́ ni Barthélemy ń pe èyí.

Ọjọ́ tó dá iṣu Awawou padà gan-an ni Agnès yóò tún gba oògùn jẹjẹrẹ ní Parakou. Wọ́n wọ takisí lọ. Nílé ìwòsàn, ó di dandan kí wọ́n dì í mú kó tó lè dúró lórí ìwọ̀n. Dókítà Faïzatou wo ìwọ̀n, ó wo apá aláìsàn.

"Kí ni ìyàwó yín ń jẹ nílé?"

Barthélemy fi Faransé dá a lóhùn.

"Ẹ fi èdè wa sọ ọ́, bàbá, kí ìyàwó yín gbọ́."

Ó sọ ọ́, ó tún fi ọ̀rọ̀ eku kún un, ó ń retí kí dókítà yin ọgbọ́n òun.

"Òótọ́ ni ti eku," ni Faïzatou wí. "Ẹ kò gbọ́ ọ tán ni. Kókó jẹjẹrẹ ń gba ṣúgà ju ẹran ara yòókù lọ. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá wọlé, ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹran ara ni yóò máa yọ́ láti fi ṣe ṣúgà tuntun. Wọ́n rí ìyẹn náà lára àwọn eku: àwọn eku ń rù, kókó ṣì ń rí tirẹ̀ gbà. Ta wá ni ebi ń pa?"

"Èmi ni," ni Agnès dáhùn.

Dókítà kò gbé ohùn sókè. "Ara yìí kò lè gba oògùn lónìí. A ní láti bọ́ ọ ná, kókó kò sì ní dúró dè wá. Ẹ fún un níṣu, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàgàṣì tí wọ́n fi wàrà ṣe, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò pọn dandan. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní àtọ̀gbẹ ni, ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ẹ tó yọ oúnjẹ kankan kúrò, ẹ bi wá."

Ojú ti Barthélemy débi pé kò lè gba ìwé tí dókítà kọ àwọn oúnjẹ náà sí lọ́wọ́ rẹ̀. Agnès ló na ọwọ́ gbà á.

Nígbà tí ara Agnès yóò fi lè gba oògùn, kókó náà ti dé abíyá. Ó ṣì ń gba ìtọ́jú. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò já sí. Barthélemy ti lọ dọ̀bálẹ̀ ní Kaboua, ìyá Agnès sì ti ní kó dìde. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú Agnès, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá òun lè jẹ ẹ́. Ojú yẹn ni Barthélemy kò lè wò.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, bí o bá gbọ́ pé wọ́n rí nǹkan lára eku, mọ̀ pé ìwádìí ni, kì í ṣe ìlànà oúnjẹ tí wọ́n là kalẹ̀ fún ẹni rẹ. Gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú dókítà kí o tó gba àwo lọ́wọ́ aláìsàn. Ebi yóò ti pa aláìsàn kí ó tó kan jẹjẹrẹ ara rẹ̀.