Àgọ́ Tí Mo Fi Oṣù Kan Yàn

Ọmọbìnrin tó ń wọn kánfáàsì nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àgọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Àgọ́ ọ̀rá kékeré kan ni mo gbé dání, mo ń béèrè iye rẹ̀.

"Yáà muhandis," ó ní lédè Lárúbáwá, nítorí ó ti rí káàdì ẹ̀ńjìníà lọ́rùn mi, "àgọ́ téèyàn ò lè nàró kírun nínú rẹ̀, àpótí ni."

Bí mo ṣe pàdé Kulthum nìyẹn, ní Al-Hindawiyah, ní Jẹ́dà. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Dawud, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni wọ́n ti bí bàbá náà. Kulthum ń gbọ́ Yorùbá, kì í sọ ọ́. Èmi Mojeed, ọmọ Ìwó, iṣẹ́ omi ni wọ́n gbà mí fún, ọdún mẹ́ta péré.

Àgọ́ tí n ó fi máa gbafẹ́ nínú aṣálẹ̀ nígbà ọ̀yẹ́ ni mo wá yàn. Ká sọ tòótọ́, ọjọ́ kejì ni mo ti mọ èyí tó dára. Ṣùgbọ́n mo ṣáà ń padà lọ. Lónìí, màá ní òpó rẹ̀ kúrú. Lọ́la, kánfáàsì rẹ̀ ti ki jù. Kulthum á tún tú òmíràn sílẹ̀, ẹ̀rín á wà lójú rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àlàájì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀ńjìníà, ṣé àgọ́ lò ń yàn ni àbí ọmọ mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín kánfáàsì. "Ọmọ yín ni, sà."

"Dìde jàre! Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. "Ìyá mi tó wà ní Misfalah, ní Mẹ́kà, òun ló máa gbà tàbí kó kọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ yìí jìnnà sí òun. Ní Sátidé a jọ ń lọ sí aṣálẹ̀. Gbé àgọ́ wá."

Mo fẹ́ ya Kulthum lẹ́nu, mo bá lọ ra àgọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: àgọ́ kánfáàsì ńlá tí ogún èèyàn lè jókòó sí, tí inú rẹ̀ kún fún ọnà pupa. A pa á sí ẹ̀bá ọ̀nà Mẹ́kà, a kan èèkàn, a fa okùn. Mo dúró, mo ń retí ìyìn.

Kò sẹ́ni tó wọlé. Àwọn obìnrin dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ìbòjú wọn.

"Ibo ni ti obìnrin?" Àlàájà Safiyya, ìyá àgbà tó bí Àlàájì, béèrè.

N kò rántí aṣọ ìkélé tí wọ́n fi ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ fún obìnrin! Nílé wa ní Ìwó, pálọ̀ kan ni gbogbo wa ń jókòó sí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo Kulthum.

"Ẹ̀yin ìyá lẹ ni ín," ni mo wí. "Àwa ọkùnrin á wà níta."

Láti Àílà di Alásàrì ni oòrùn fi nà wá. Iyanrìn fẹ́ sínú ìrẹsì wa, Àlàájì sì ń fi mí rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà pè mí sẹ́nu àgọ́.

"Tí iṣẹ́ rẹ bá parí ńkọ́?"

Mo mọ ìdáhùn tó fẹ́. Bí mo bá ní n ó dúró, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń dàgbà, èmi nìkan ló sì bí.

"Màmá, màá padà sílé ni. N kò lè purọ́ fún yín."

Kulthum wà lẹ́yìn ìyá àgbà, omi lójú.

"Sitti," ó pe ìyá àgbà bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pè é. Ó wá sọ Yorùbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "Mo fẹ́ bá a lọ."

Ìyá àgbà tú ìborùn ńlá tó wà léjìká rẹ̀, ó nà án sí mi.

"So èyí sáàárín, kí àwọn àna rẹ lè wọlé jẹun."

Mo so ó mọ́ òpó àárín. Láti òdìkejì aṣọ náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà.

"Láti Ìlọrin ni bàbá mi ti fẹsẹ̀ rìn wá síbí, kò padà mọ́. Títí tó fi kú ló ń sọ ti ojúlé wọn fún wa. Èmi ò débẹ̀ rí, n kò sì lè débẹ̀ mọ́. Mú un débẹ̀, ọkọ ọmọ mi. Kó bá mi wò ó dáadáa."