Ẹni Tí Mo Kí Nídìí Kẹ́ẹ̀gì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ ọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń hun irọ́ gígùn. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ purọ́, èyí tó máa gbé mi níyì ni ǹ bá pa. Èyí ò gbé mi níyì rárá. Ẹnu mi ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn. Tiwalolúwa, ọmọ ọmọ mi, dé láti Èkó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń fa bíà fún àwọn èèyàn lẹ́nu ẹ̀rọ ti kógbá wọlé. Inú mi dùn débi pé mo pa adìyẹ. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wa n'Ílẹ́ṣà, èmi náà ni mò ń dá ara mi lóhùn.

Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ní òun fẹ́ máa ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kẹ̀? Ti àgbàdo?"

"Ti àgbàdo, Màmá. Bí ìyá yín ti ń ṣe é. Àmọ́ inú kẹ́ẹ̀gì onírin ni màá rọ ọ́ sí, gáàsì ni yóò máa tì í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Á tutù nini, á ní ìfóòfó lórí."

Mo dìde, mo jó. Susannah, ìyá rẹ̀, ọmọ mi, ni kò jó. Ó pè láti Ìbàdàn. Ó ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni òun dá fún un. Bí kò bá tíì rí ẹni tí yóò máa gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Àbújá. Àbújá! Ta ni yóò wá máa bá mi sọ̀rọ̀?

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyáàfin kan tó ní ilé ìtura l'Òṣú ní ká gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá ní Sátidé yẹn gan-an. Bí àwọn oníbàárà òun bá fẹ́ràn rẹ̀, a ó máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá ku ká wá kẹ́ẹ̀gì.

Ọjà Ọba l'Òṣogbo la ti rí i, lọ́dọ̀ Àjàgbé tó ń ta irin tòkunbọ̀. Méjì ló wà nílẹ̀, ó dọ̀tí bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀kan tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi orúnkún tì í wọlé.

"Ìyá, kẹ́ẹ̀gì ọtí lẹ ń wò yẹn o," Àjàgbé wí. "Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń rọ sí i. Irin ni mo tà. Kí Ọlọ́run má bi mí."

"Kò ní bi yín! Bó bá bi yín, ẹ ní èmi ni."

Ló bá rẹ́rìn-ín. Bí mo ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un nípa ìyá mi àti ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀. Mo sọ bí wọ́n ti ń rẹ àgbàdo tí á fi hù, bí wọ́n ti ń sá a, bí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ tí wọ́n ń sè é. Ọkùnrin náà yanu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ̀rọ̀.

"Ìyá, èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ẹni tó kó o wá ní..."

"Ó dọ̀tí ni, mo rí i. A ó fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín ná."

Mo sọ ọ́ títí wọ́n fi gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi fọ̀ wọ́n. Òórùn ọtí kíkan tó wà nínú wọn lè gbé òkú dìde. Tiwalolúwa fi sípánà tú gbogbo orí wọn. A da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, a fi kànrìnkàn ha á, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀pá gígùn kan wà nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó ń fa ọtí láti ìsàlẹ̀. Aṣọ la so mọ́ wáyà, a fi ń gún inú rẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun.

Silas tó ń tún fíríìjì ṣe ní Iwaraja ló bá wa gbé ìgò gáàsì wá, irú gáàsì tó ń mú mínírà hó. Ó tún mú òrùka rọ́bà tuntun wá, torí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti sán. Nígbà tó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó pariwo.

"Màmá! Ta ló fi epo pupa pa rọ́bà yìí?"

"Èmi ni. Kó lè máa yọ̀."

"Epo máa ń pa ìfóòfó o! Ṣé ọtí la fẹ́ ṣe àbí ẹ̀fọ́?"

Tiwalolúwa rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn. Ilé ti kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la dán an wò, lọ́sàn-án gangan. A rọ omi jọ́ọ̀gì mẹ́sàn-án sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Silas ṣí gáàsì. Ó dún ṣììì. Ó tì í. Òun àti Tiwalolúwa wá lọ sí iwájú ilé lọ wo fíríìjì tí a fẹ́ lò.

Ó ku èmi nìkan lábẹ́ igi góbà. Mò ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí iná, ẹ̀rọ amúnáwá ẹnikẹ́ni kò sì dún. Àwọn adìyẹ sùn sínú iyẹ̀pẹ̀. Ewé kò mì. Ọ̀sán dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń gbọ́ bí ẹ̀wà ti ń bọ́ sínú àwo.

Mo wá gbọ́ ẹni tó ń mu nǹkan.

Gùdù. Gùdù. Gùdù.

Ẹ má sọ pé omi ló mì. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́. Mo mọ ìró omi, mo mọ ìró ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ó mí, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àárọ̀.

"Hàà."

Èmi sì rèé, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ẹ̀wà ni mo tẹjú mọ́. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Á gba ibi ire o," mo wí.

Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ẹni tó ń jẹ, tó ń mu nìyẹn. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rántí pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà níwájú mi. Èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sún mọ́ mi.

Nígbà tí Silas àti Tiwalolúwa padà dé, a fa omi náà jáde, a wọ̀n ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì tó dára dá jọ́ọ̀gì mẹ́sàn-án padà. Èkejì dín ife kan. Silas po ọṣẹ, ó fi ìfóòfó rẹ̀ pa gbogbo ojú ibi tí irin ti pàdé irin. Bí gáàsì bá ń jò, ìfóòfó á wú. Kò wú. Agogo tó ń ka agbára gáàsì kò mira. Ilẹ̀ gbẹ.

"Ibo lomi wá gbà?" Tiwalolúwa bi í.

Silas họ orí. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi. Bí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́, wọ́n á ní ọjọ́ orí ti ń dé, Susannah á wá kó èmi náà lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́jọ́rú, omi inú èyí tó tẹ̀ dín jọ́ọ̀gì kan. Silas tún pààrọ̀ gbogbo òrùka rọ́bà. Lọ́jọ́bọ, a rọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gan-an sí i, a sì gbé e sórí eérú gbígbẹ. Bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá bọ́, eérú á fi hàn. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ́ọ̀, Silas fọwọ́ kan gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè. Ìdajì rẹ̀ ti lọ. Eérú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ fúlẹ́fúlẹ́ bí àtíkè.

Silas kó àwọn sípánà rẹ̀ sínú àpò. Kò ṣàwàdà.

"Màmá, iṣẹ́ tèmi parí. Ohun tó kù níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ fíríìjì."

Tiwalolúwa kẹ̀yìn sí wa. Ó wọlé. Nígbà tí mo wọlé tẹ̀ lé e, mo rí báàgì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ti ká aṣọ méjì síbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni obìnrin Òṣú sọ, òwò kò ní fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.

Báàgì yẹn ló la ẹnu mi.

"Mo kí i," mo wí.

"Ta lẹ kí?"

"Mi ò mọ̀. Ó mu omi, mo ní á gba ibi ire."

Ó ní Àjàgbé fẹ́ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún wa lọ́jà. Ó gbé fóònù, ó pe Àjàgbé, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Haa, ìyá ọ̀rọ̀!" Àjàgbé wí. "Ẹni tó kó o wá ní kí n sọ fún ẹni tó bá rà á pé kó má ṣe sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀. Mo rò pé torí gáàsì ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?" mo bi í.

"Ìyá, ṣé ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni?"

"Ta ni ẹni náà?"

"Kò sọ orúkọ. Kò sọ nǹkan kan rárá. Inú ìwé ló kọ ọ́ sí, tó fi hàn mí."

Mo jókòó. Mo rò ó. Ẹni tí o bá ti kí nídìí ohun tó ń mu, o ò lè yí padà kó o ní kó má mu ún mọ́. Ire tí èèyàn ti wí, a kì í kó o jẹ. Àmọ́ a lè bu tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀.

A fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó kù nínú ìkòkò kún kẹ́ẹ̀gì náà. Kí a tó dé e, mo kọ́kọ́ bu ife kan, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó tẹ̀, mo fi àwo pẹrẹsẹ bò ó. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan. Kò rọrùn fún mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọwọ́ méjèèjì Tiwalolúwa kò tó láti gbé e. Kẹ́ẹ̀gì kún dẹ́múdẹ́mú. Ife náà kún, ó sì ní ìfóòfó lórí síbẹ̀. Tiwalolúwa tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Èmi náà tọ́ ọ wò. Àwọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ní. Kò kan, kò dùn. Omi pàápàá ní adùn tiẹ̀. Èyí ò ní nǹkan kan.

L'Òṣú, wọ́n mu ún tán kí oòrùn tó wọ̀. Arákùnrin kan ní òun kò tọ́ irú rẹ̀ wò mọ́ láti ìgbà tí ìyá àgbà òun ti kú. Susannah pè, ó ní ó yá, kó dúró tì mí. Tiwalolúwa tú báàgì rẹ̀ palẹ̀. Mo tún jó.

Ó ti di oṣù kẹrin tí a bẹ̀rẹ̀ báyìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ là ń bu ife kan kalẹ̀, òwò sì ń lọ dáadáa. Ibi tó yẹ kí ìtàn mi parí sí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Tiwalolúwa gbé kẹ́ẹ̀gì tó dára lọ s'Òṣú. Èyí tó tẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A ti fọ̀ ọ́, a ti tú orí rẹ̀, a dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo jẹun ọ̀sán tán lábẹ́ igi góbà, mo gbé omi mu, mo mí.

"Hàà."

"Á gba ibi ire o."

Láti ìdí ògiri ni. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Mi ò mọ̀ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ti ń fà á nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló ṣe fà á.

Àmín ti dé eyín mi. Mo pa ẹnu mi dé: ìkíni kan péré ló fi gba kẹ́ẹ̀gì, mi ò mọ ohun tí yóò fi àmín gbà.

Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí n ti mu omi nínú ilé yìí, á wí i. Á wá dákẹ́, bí ẹni tó ń retí. Tiwalolúwa kò gbọ́ ọ. Ohun tóun ń rí ni pé mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Màmá, kí ló ṣe yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo na ìwé àti bírò sókè. Ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá la ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde tàbí àmín.

Ó gbé ife omi kan síwájú mi kó tó jáde. Ó tutù, ife náà ń làágùn. Òùngbẹ ń gbẹ mí.