Iṣẹ́ Ìyàwó Lẹ́nu Ọkọ

"Dákẹ́! Mo ní kí o dákẹ́ jàre! Ṣé ìwọ nìkan lo kàwé nínú ilé yìí ni?"

Bàbá Ìbejì ló ń pariwo báyẹn nídìí oúnjẹ àárọ̀, odidi ọkùnrin tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, tó so táì mọ́rùn! Kí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe? Kò ṣe ju pé ó sọ fún àwọn ọmọ pé yunifásítì ti pe òun àti bàbá wọn láti wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ipò olùkọ́ kan ṣoṣo ló ṣí, àwọn méjèèjì ló sì ń dù ú. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbà á?" Ìyá wọn kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn ló di ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, owú ni. Ọdún kan náà ni tọkọtaya yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́, ìyẹn ìtàn àwọn ilé ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ àti àwọn ìwé àwòrán tí wọ́n fi gbé òkìkí ilé wọ̀nyẹn kiri nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀. Nígbà tí yunifásítì wá fẹ́ gba ọ̀mọ̀wé kan tí yóò jókòó ti ìwádìí, tí wọ́n á sì máa sanwó fún un, ìyàwó ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọkọ kò ti balẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá kí obìnrin náà lẹ́nu géètì, inú á bí i. Tó bá ra bàtà, á ní wọ́n ń ṣakọ sí òun. Àní bí ìyàwó rẹ̀ bá húkọ́, ọkùnrin yìí á rí ìgbéraga nínú ikọ́ náà!

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú," ni ìyàwó wí. "Ẹni yòówù kó gbà á nínú wa, ilé kan náà la jọ ń gbé."

"Ilé ta ni? Ilé ẹ àbí ilé mi?"

Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, pàtẹ́wọ́. Obìnrin yìí ní òun wá kí wọn fúngbà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n títí di òní kò tíì di ẹrù. "Ẹ wo ẹnu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́! Bó ṣe ń rọra gorí ẹ nìyẹn, àbúrò mi. Jẹ́ kó gba iṣẹ́ yẹn ná, abẹ́ tábìlì lo ti máa jẹun!"

 Ìyàwó kó àwo lọ sí kíṣìnnì, ó ń fọ̀ ọ́.

"Ta ló kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ níwájú wọn?" Àǹtí Àgbà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi ni. Ó dọ̀sán kó tó kan òun."

"Kí lo wá ń wò? Gbé ìwádìí tiẹ̀ sọ! Ẹni tó bá kọ́kọ́ là á sílẹ̀ ni wọ́n máa sọ pé ó ni ín."

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbé yẹn kì í ṣe kékeré. Ìwé ńlá kan wà ní yàrá ìwé àtijọ́ ní yunifásítì, tó kún fún àwòrán ààfin àti ilé ìjọsìn. Gbogbo ọ̀mọ̀wé ló ń yin ẹni tó ṣe ìwé náà pé ó rìnrìn àjò, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ilé kọ̀ọ̀kan kó tó yà á. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni. Ó ní ọkùnrin náà kò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rárá, inú ìwé ẹlòmíràn tó ti wà ṣáájú ló ti jí àwọn àwòrán náà. Ayọ̀ ló fi sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i. Ọkọ ní "Ẹn-ẹ́n," kò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń jó bí iná, torí ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dún káàkiri ayé.

Àǹtí Àgbà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí iléèwé ni ó wó lulẹ̀ ní pálọ̀. "Inú mi o! Yéè! Ẹ gbà mí!" Ìyá Ìbejì sáré jáde, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sí ọsibítù, ó dì í lọ́wọ́ mú níbẹ̀, ó ń bá a nu ojú. Àrùn èké!

Bàbá Ìbejì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi tì í pa kò le, Olówó-orí-mi ni, orúkọ tó máa ń pe ọkọ rẹ̀. Ṣé ojú wá ti ọkùnrin yìí? Kò tì í! Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ó rí àwòrán ààfin kan náà láti inú ìwé méjèèjì, àtẹ̀gùn ńlá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ó gbé ọ̀kan lé èkejì, gbogbo fèrèsé, gbogbo òpó, wọ́n bára mu rẹ́gí. Ó kó gbogbo rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìyàwó fi gé ìkọ̀wé abẹ́ àwòrán kan kúrò. Kò sì dé yàrá ìwé àtijọ́ yẹn rí láyé rẹ̀, ó ní eruku ibẹ̀ ń jẹ́ kí òun máa sín.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni ọ̀wọ̀ ni Bàbá Ìbejì níwájú ìgbìmọ̀. Àwòrán méjèèjì yọ lára ògiri, ó gbé wọn léra, ó ní, "Ẹ wò ó! Olè ni! Ó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ láìyí nǹkan kan padà!" Ó wo ẹ̀yìn níbi tí àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ jókòó sí, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó dìde díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là, tó tún jókòó. Inú ọkọ dùn dé eegun. Jẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe ń rí lára!

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tó fá irun mọ́lẹ̀, kò pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ti fojú ara yín rí ìwé ńlá yẹn?"

"Mo jókòó tì í títí ẹ̀yìn ń ro mí, mà! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Apá ibo wá ni àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀?"

"Apá ọ̀tún, mà, bí ẹ ṣe ń wò ó yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Wọ́n gbé e lé tábìlì, wọ́n ṣí i. Àtẹ̀gùn wà lápá òsì! 

"Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá?" Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí ìyàwó, torí ó ti rí i nígbà tó fẹ́ dìde. "Kí lẹ rí sí i?"

Ìyá Ìbejì dìde.  "Orí bàbà ni wọ́n ti ń fín àwòrán nígbà náà, mà. Wọ́n á pa tàdáwà sí bàbà, wọ́n á tẹ bébà mọ́ ọn. Ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí bàbà, òsì ló máa bọ́ sí lórí bébà. Ọkùnrin yẹn gbé ìwé ẹlòmíràn síwájú, ó ń wò ó fín bó ṣe rí i. Ìdí nìyẹn tí ilé inú ìwé tiẹ̀ fi kọjú sódì, òdì yẹn gan-an sì ni ẹ̀rí olè rẹ̀. Èmi ni mo yí àwòrán rẹ̀ padà nínú kọ̀ǹpútà mi, kí n lè gbé méjèèjì léra. Mo gé ìkọ̀wé abẹ́ rẹ̀ torí òun náà yí sódì, kò ṣeé kà mọ́."

 Ẹ̀rí yẹn ló yẹ kí Bàbá Ìbejì gbé wá, òun ló fi sílẹ̀!

"Ṣé ẹ jọ ṣe é ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè pẹ̀lẹ́. "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fún un, ẹ sọ, a ó kà á sí iṣẹ́ àjọṣe."

Bàbá Ìbejì fi ojú bẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ti bo òun láṣìírí tipẹ́. Nígbà tí wọ́n dá òun dúró níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyàwó ló sọ fún àwọn ẹbí pé ọkọ òun fúnra rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ó dá a lójú pé ó máa bo èyí náà.

Obìnrin náà yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Rárá, mà. Mi ò fún un."

Ó tán! Wọ́n ní kó jáde. Iṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀ tó ń bá wọn ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n fún un ní ipò náà. Nígbà tí Àǹtí Àgbà gbọ́, ó figbe ta mọ́ àbúrò rẹ̀: "Ọ̀dẹ̀! O jalè, o ò tiẹ̀ mọ ohun tí o jí!" Kó tó di pé ẹnikẹ́ni lé e, ó ti di ẹrù.

Bàbá Ìbejì bá báàgì tirẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ọkùnrin tó ń jágbe!

"Owú ni, Ìyá Ìbejì, owú ló gbé mi dé bẹ̀! Ṣùgbọ́n ṣé o ò wá lè gbà mí ni? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Kí o ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!"

"Mo sọ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Òótọ́ ni mo sì sọ. Ẹ dìde, ẹ gbé báàgì yín."