Ìlà Ìkẹyìn Ìwé Lavinia

Bí mo bá fi irọ́ kan pọ̀ mọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí Ọlọ́run tí mò ń sìn bi mí léèrè.

Ní Salford, ní ilẹ̀ England, ni mo ti ń tọ́jú Miss Winifred, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ìyá ìyá ìyá wọn, Lavinia, kọ ìwé ìtàn mẹ́ta nígbà ayé Queen Victoria. Kò lókìkí. Ó ń fi ọwọ́ kọ ìkẹrin lọ́wọ́ nígbà tó kú. Ìtàn obìnrin kan ni, tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ wáṣẹ́ lókè òkun. Ṣé ó padà? Ìwé ò sọ.

Èmi náà fi Tóyọ̀sí, ọmọ mi, sílẹ̀ ní Ṣàgámù. Ọdún kẹrin rè é.

Ní November, Màmá, bí mo ti ń pe Miss Winifred, pè mí sídìí ìwé Lavinia tó wà lọ́wọ́ wọn. "Wò ó. Ìlà yìí ò sí níbí lánàá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ojú àgbà ni. Lọ́jọ́ kejì, ìlà mìíràn ti dé. Íǹkì rẹ̀ ṣì tutù. Obìnrin inú ìtàn náà ti dé èbúté.

"Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ kú kí n tó mọ̀."

Mo sọ fún Adétóun, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ care.

"Mọ́mì Tóyọ̀sí! Ẹ ò mú òróró àdúrà dání? Òkú òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú, bó ti máa ń rí níbẹ̀ nígbà òtútù. Màmá sùn lọ lórí àga. Ilé dákẹ́. Mo wá gbọ́ ìró kan, bí ẹni ń fi gègé kọ̀wé. Ṣẹ́rẹ́. Ṣẹ́rẹ́. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ọwọ́. Kò sí bírò. Lẹ́tà ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo dijú pinpin. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mo da òróró àdúrà tí mo mú dání sí i, mo fọwọ́ rà á, bí a ti ń ṣe síwájú orí aláìsàn.

Nígbà tí mo lajú, gbogbo ìlà náà ti di ẹrẹ̀.

Màmá jí. "Kí ló kọ?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Mo dijú."

"Kí ló dé?"

"Àdúrà ni mò ń gbà."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi. "Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n kú ní Friday.

Àwọn ẹbí ní kí n máa mú ìwé náà lọ, pé ó ti bàjẹ́. Ó wà nílé mi báyìí. Òróró náà ò tíì gbẹ. Mo ń dúró tì í, bóyá yóò tún kọ ìlà náà. Bí mo bá sì ń gbàdúrà, mi ò jẹ́ dijú mọ́.