Mú Un

Wolewolé kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jórinjórin, ó ń ka òfin bí ẹni tó ti ka ohun kan náà ní gbogbo ilé tó wà ládùúgbò. Láti ìsinsìnyí lọ, ajá tó bá tóbi gbọ́dọ̀ wà lórí ṣéènì lọ́sàn-án. Bó bá máa jáde sí títì, wọ́n gbọ́dọ̀ de ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ́ ajá láti máa bu ènìyàn jẹ. Bí ajá bá ṣe ènìyàn léṣe, ìjọba ìbílẹ̀ yóò gbé e lọ, ẹni tó ni ín yóò sì rojọ́ ní kóòtù.

"Ọ̀gá jórinjórin, ṣé ẹ kò kọ́ eléyìí ní nǹkan kan?" Ó nawọ́ sí Ṣọ́jà, ajá wọn, tó ń yán lábẹ́ tábìlì irin.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ajá tó ń sá fún àkùkọ ni wọ́n ń bi òun nípa rẹ̀ yẹn. Bí olè bá wọlé, Ṣọ́jà ló máa tan iná fún un kó lè ṣa irin tó wù ú. "Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ," ó ní, "èmi ni kí ẹ wá mú."

Òpéléńgé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gbá ìfọ́ irin jọ lẹ́yìn wọn. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ bà á lẹ́rù, nítorí ó mọ ohun tí bàbá kò mọ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ló dá a sílẹ̀. Wọ́n máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá jáde níléèwé, wọ́n á sì máa fi ajá náà ṣe yẹ̀yẹ́, pé ewúrẹ́ tó ń gbó ni. Ojú ti Òpéléńgé títí ó fi sú u. Ló bá gé apá ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kan tó ti gbó, ó ki àkísà sí i nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ajá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí àlòkù irin wà. Á mi apá ẹ̀wù náà, á ní, "Mú un!" Bí Ṣọ́jà bá ti gbá a mú, á fún un ní bisikíìtì. Eré ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ajá náà kò ṣeré mọ́. Bó bá ti fi eyín kan aṣọ, kì í fẹ́ fi sílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dúró sójú kan.

Ohun tí Òpéléńgé kò rò ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tòun nìkan. Ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin, kí ni ènìyàn ń sọ láti àárọ̀ bí kò ṣe mú un? Bàbá á na irin sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, á ní kó mú un dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, etí Ṣọ́jà á dìde, ṣéènì á sì fà le. Ọmọ iṣẹ́ ní ajá náà ń wo òun bíi pé òun ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òpéléńgé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó pinnu láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò ti sún mọ́lé, kò sì fẹ́ ìbínú bàbá rẹ̀. Ó ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé ṣéènì ṣáà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún dé. Ó ti fọ́nnu fún wọn pé Ṣọ́jà kì í ṣe ewúrẹ́ mọ́, wọ́n sì ní kó fi hàn wọ́n. Ó rántí wolewolé. Ó tún rántí ẹ̀rín wọn. Ó mú ajá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì tú ṣéènì.

Ó gbé apá ẹ̀wù sókè. Ajá tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Kí Òpéléńgé tó lanu, ohùn ìyá àgbà tó ń gbé pẹ̀lú wọn ti wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, níbi tó ti ń gbé ife tíì fún àbúrò Òpéléńgé kékeré.

"Mú un, ọkọ mi. Fi ọwọ́ méjèèjì mú un."

Ṣọ́jà yí orí padà.

Òpéléńgé pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ajá náà sáré kọjá lára rẹ̀ bíi pé kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ariwo ife tó fọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni igbe ọmọ. Ó gba Bàbá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó já apá ọmọ náà gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọsibítù, Bàbá ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ajá náà ti dìgbòlugi ni. Ìyá àgbà ní rárá, ohùn òun ló gbọ́, bí òun ṣe ní kí ọmọ mú ife báyìí ló fò mọ́ ọn. Wọ́n ní ìpayà ló ń sọ ọ́.

Bílẹ̀ ti mọ́, wolewolé gbé ọkọ̀ dé, wọ́n sì ti Ṣọ́jà mọ́ inú àgò irin lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó bi Bàbá léèrè ẹni tó kọ́ ajá. Bàbá búra pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìyá àgbà dìde pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. "Èmi ni kí ẹ mú lọ," ó ní. "Ẹnu mi ló ṣe ọmọ yẹn léṣe."

Ara Òpéléńgé kò gbà á mọ́. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì gbé apá ẹ̀wù náà jáde.

"Ìyá àgbà, kì í ṣe ẹnu yín. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Wolewolé wò ó, ó ní kó sọ ohun tó máa ń sọ fún ajá. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣọ́jà kọ lu irin àgò débi pé gbogbo ọkọ̀ mì. Bàbá kò jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gba apá ẹ̀wù náà, ó yí i wò, ó rí i pé tòun ni, ó sì bá wolewolé lọ.

Wọn kò dá Ṣọ́jà padà mọ́. Bàbá rojọ́ ní kóòtù, ìka méjì lọ́wọ́ àbúrò Òpéléńgé kò sì ká mọ́. Ọmọbìnrin náà wá mọ̀ pé òfin tí wolewolé kà lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ kékeré yẹn ló ń dáàbò bò, àti pé ohun tí ènìyàn bá kọ́ ẹranko ní ìkọ̀kọ̀, kò ní ìkáwọ́ lórí ibi tí ẹranko náà yóò ti lò ó. Ká ní ó sọ̀rọ̀ nígbà tó ń gbálẹ̀, ìbínú bàbá rẹ̀ nìkan ni ì bá rí.

Kò sí ẹni tó ń sọ mú un nínú ilé wọn mọ́. Ìyá àgbà á gbé ife sórí tábìlì, á sì yẹra. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Òpéléńgé ń na pẹ́ńsù sí àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn, ó sì yíjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kò ti sí ajá kankan mọ́.